Ìdí Tí Lékeléke Kò Fi Tètè Lọ

Inú páálí bátìrì ni Túbọ̀sún gbé lékeléke náà sí nígbà tó kọ́kọ́ wọlé Màmá Tíṣà ní Ìpọ̀nrí. Wáyà ti ya á lápá. Ó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù òun ní Ládìpọ̀ lòun ti rí i, láàárín àlòkù irin.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó máa kú?"

"Mi ò mọ̀." Kò tiẹ̀ kàn mí.

Bí mo ṣe rí lọ́dún 1988 nìyẹn. Morákinyọ̀ ọkọ mi ti kú, ara tèmi náà sì kú tẹ̀ lé e. Mo ń jẹun, mi ò mọ adùn. Wọ́n ń bú mi, kò dùn mí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, omi kò jáde lójú mi rárá. Ẹbí ọkọ mi wò mí títí, wọ́n ní opó tí kò bá sunkún, ó mọ ohun tó pa ọkọ rẹ̀. Ẹnu ayé lẹbọ! Kí n tó kó ẹrù mi tán, ọ̀rọ̀ náà ti yí Mushin po.

Ẹ̀gbọ́n mi Sàúdátù ló fà mí lọ sọ́dọ̀ Màmá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tọ́jú ẹyẹ tó bá fara pa lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò á gbé ẹyẹ wá, àwa tá a yọ̀ǹda ara wa á fọ ilé wọn, á bọ́ wọn. Òfin kan ni màmá náà ní: ẹni tó bá gbé ẹyẹ wá ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tú u sílẹ̀.

Ìyẹn ni Túbọ̀sún fi ń wá. Tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, á gbé tata dé nínú agolo mílíìkì.

"Àmúdàtù mi, kú iṣẹ́ o. Ó jẹun? Ìwọ ńkọ́, o jẹun?"

Nígbà tó yá, ó ní òun nífẹ̀ẹ́ mi.

"Ara mi ti kú, Túbọ̀sún. Ṣé òkú lo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Màá dúró kó jí, olólùfẹ́ mi."

Ìyá rẹ̀ kò ní dúró ní tiẹ̀. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà náà ti gbọ́ ìròyìn mi. Ó ní, "Èyí tí kò sun ọkọ àkọ́kọ́, ṣé ìwọ ni yóò sun?" Túbọ̀sún sọ fún mi, ó ń fi rẹ́rìn-ín. Mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá Tíṣà gbé lékeléke náà sẹ́sẹ̀, ó tú báńdéèjì apá rẹ̀. Apá náà kò ṣí. Ó ti gan.

"Àmúdàtù, ṣebí mo ní kó o tú èyí tipẹ́?"

Mo ti tú u. Mo sì tún ń rí i lápá ẹyẹ náà lójoojúmọ́, mi ò béèrè. Kí ni mò ń béèrè nígbà yẹn?

Ẹnu ìyẹn la wà tí Túbọ̀sún wọlé pẹ̀lú agolo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó wá fẹnu ara rẹ̀ kìlọ̀ fún mi.

"Èmi ni mo tún un dì," Túbọ̀sún ní, ojú ń tì í. "Tó bá fò lọ, kí ni n óò máa sọ pé mo wá ṣe níbí?"

Mo gbá agolo náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Tata tú ká.

"O ò lójú àánú! Ó bẹ̀ ọ́ pé kó o dá òun dúró? Ó ti yá, Túbọ̀sún, ó ti yá!" Mò ń pariwo. Àfi bí omi ṣe ń dà lójú mi, tí mi ò lè dá a dúró.

"Hẹ̀n-ẹ́n!" ni ìyá rẹ̀ wí. "O ò sun ọkọ, ẹyẹ lo wá ń sun?"

"Kì í ṣe ẹyẹ, mà. Morákinyọ̀ ni. Ọkọ mi ni mò ń sun."

Tata kan gun ìró ìyá náà, kò gbọ̀n ọ́n dànù. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ìborùn rẹ̀ nu imú mi.

"Sun ún, ọmọ mi. Sun ún dáadáa." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí lò ń wò? Bu omi wá kó bọ́jú!"

Òrí la fi ń ra apá náà títí ó fi rọ̀. Lọ́jọ́ tí Túbọ̀sún fọwọ́ ara rẹ̀ tú u sílẹ̀, àwọn ọmọ Ìpọ̀nrí ń ju ìka sókè, wọ́n ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Túbọ̀sún wò mí, ẹ̀rù ń bà á. "Kí ni n óò wá máa sọ pé mo wá ṣe níbí báyìí?"

"Nílé wa ní Pápá Àjàó ni kó o ti lọ sọ ọ́," mo ní. "Bàbá mi máa ń wà nílé ní Sọ́ńdè."