Kápúsù Inú Ògì

Lubabah wẹ̀yìn wò, ó já kápúsù kan sí méjì, ó sì da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú ògì gbígbóná. Ó fi ṣíbí rò ó títí ìyẹ̀fun náà fi yọ́, lẹ́yìn náà ló gbé e fún ìyá rẹ̀, Àmínát.

"Ògì yìí korò díẹ̀," ni Àmínát wí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹnu yín ni, Màámi. Ẹ ṣáà mu ún."

Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló ń bá Àmínát jà. Láti ilé wọn ní Mushin ló ti ń lọ gba ìtànṣán, iná ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ní ilé ìwòsàn. Ní kíláàsì, tíṣà Lubabah ti ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì ara a máa bàjẹ́ bí irin ṣe ń dógùn-ún, pé irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa dá kún jẹjẹrẹ, àti pé àwọn èròjà kan wà nínú èso àti ẹ̀fọ́ tó ń dènà rẹ̀.

"Èròjà yẹn gan-an ló wà nínú kápúsù tí àǹtí mi ń tà," ni Jennifer, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sọ. "Má sọ fún màmá ẹ, wọ́n á ní àwọn ò lò ó. Má sì sọ ní ọsibítù. Ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ ilé fún dókítà?"

Lóòótọ́ ni. Ní àdúgbò wọn, bí nọ́ọ̀sì bá béèrè ohun tí èèyàn ń lò nílé, "Kò sí" ni wọ́n máa ń dá a lóhùn, àgbo ì báà kún ìkòkò.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Adékẹ́mi béèrè, "Màmá, ṣé ẹ̀ ń lo nǹkan mìíràn nílé?"

"Rárá o. Ògì lásán ni mò ń mu."

"Ó dáa. Ẹ má dán kápúsù tí wọ́n ń polówó kiri wò. Ńṣe ni ìtànṣán yìí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dógùn-ún kó lè kú. Ohun tó ń dènà ìdógùn-ún lè dáàbò bo jẹjẹrẹ náà."

Orí Lubabah dàrú. Ṣebí ìdógùn-ún ló ń dá kún àrùn? Báwo ló ṣe tún di ohun tí wọ́n fi ń wò ó? Ta ló parọ́, tíṣà ni àbí nọ́ọ̀sì? Bó bá sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ yóò mọ̀ pé ọmọ òun ń da nǹkan sóúnjẹ òun. Bó bá dákẹ́, ìtànṣán náà lè máa ṣòfò. Wọ́n ti ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ wọlé.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mò ń da kápúsù sínú ògì wọn."

Àmínát yíjú sí i.

"Tíṣà mi ló ní ó dáa," ni Lubabah fi kún un.

"Tíṣà ẹ ò parọ́," ni Adékẹ́mi fèsì. "Ìdógùn-ún yẹn ń ba ara tó dá ṣáṣá jẹ́. Òun náà la sì fi ń pa jẹjẹrẹ. Kápúsù ò mọ èyí tó yẹ kó gbà là."

"Ṣé ó ti ba ìtọ́jú wọn jẹ́ ni?"

"N ò mọ̀. Dókítà pàápàá lè má mọ̀. A máa sọ fún un, a ó sì máa ṣọ́ bí ara màmá ẹ ṣe ń rí."

Àmínát kò nà án, kò sì bú u. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í po ògì rẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Nígbà tí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì tún béèrè ohun tó ń lò nílé, ó nawọ́ sí Lubabah.

"Ẹ bi í. Òun ló mọ̀."

"Kò sí," ni Lubabah wí, òótọ́ sì ni lọ́tẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì wò ó títí kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdajì ẹ̀kọ́ kì í ṣe oògùn. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ fún aláìsàn, jẹ́ kó mọ̀, kí o sì sọ ọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí o bá fi pamọ́ fún wọn lè sọ gbogbo làálàá wọn dòfo, ìfẹ́ rere tí o ní kò sì ní dá a padà.