Ibòòji Máńgòrò

"Sìlífátù, ṣé o ò tíì da omi ẹja yẹn nù ni?"

Ìyá rẹ̀ ló ń pè é láti ìdí ààrò tó ti ń yan ẹja. Sìlífátù gbé garawa omi iyọ̀ tí wọ́n fi fọ ẹja, ó ní òun ń lọ sétí ọ̀sà. Irọ́ ni. Ìdí igi máńgòrò tó wà láàárín ilé wọn àti ilé Ìbídùnní ló gbà lọ, ó sì rọra da omi náà sí gbòǹgbò igi, bó ti ń ṣe láràárọ̀ láti ìgbà tí òjò ti dá.

Ìlara ló gbé e wọ̀. Ní kíláàsì wọn n'Ípakodò, Ìbídùnní ló máa ń gba ipò kìíní. Bí oòrùn bá yọ láàárọ̀ Sátidé, ibòòji máńgòrò a bo fèrèsé ọmọbìnrin náà, Ìbídùnní a jókòó síbẹ̀, a máa kàwé, ara rẹ̀ a tutù pẹ̀sẹ̀. Sìlífátù a sì máa wò ó láti ìdí ààrò, òógùn lára, ẹ̀fín lójú. Ó dùn ún wọ egungun.

"Ta ni kò ní gba ipò kìíní nínú irú yàrá yẹn?" ló máa ń sọ nínú ara rẹ̀. "Ó dáa. Ká jọ máa làágùn."

Ẹ gbà mí, kí ni igi ṣe nínú ọ̀rọ̀ pé ẹnìkan mọ̀wé?

Kò pẹ́ tí etí ewé máńgòrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Nígbà tó fi máa ku díẹ̀ kí ìdánwò Wáẹ̀kì bẹ̀rẹ̀, igi ti kú pátápátá. Bàbá Sìlífátù ní kí wọ́n gé e kó má baà wó lé wọn lórí.

Ilé ìwé wá ní kí àwọn ọmọ máa kàwé nílé. Ọ̀sán àkọ́kọ́ tí Sìlífátù jókòó sí yàrá tí òun àti Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, jọ ń sùn, àfi bíi pé wọ́n dáná sórí páànù. Oòrùn ń wọlé tààrà lójú fèrèsé. Fáànù tí wọ́n tan kàn ń fẹ́ ooru kiri ni. Sìlífátù kì í sí nílé lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀, ilé ìwé tàbí ọjà ẹja ló máa ń wà, kò mọ̀ pé tí oòrùn bá ti yí sí ìwọ̀ oòrùn, ilé tiwọn gan-an ni máńgòrò yẹn ń ṣíji bò. Ìwé kò wọ orí mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà dìde láti bu omi mu. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

Ìbídùnní ló kọ́kọ́ gbọ́ igbe Sìlífátù. Àwọn méjèèjì gbé arúgbó náà lọ sí yàrá Ìbídùnní, wọ́n ṣílẹ̀kùn àti fèrèsé kí atẹ́gùn ọ̀sà lè gba ibẹ̀ kọjá, Ìbídùnní sì ń fi aṣọ tútù nù ún lára.

"Oòrùn àárọ̀ ló ń dà mí láàmú níbí báyìí," ni Ìbídùnní wí. "Mo ti sún ìwé kíkà mi sí ọ̀sán. Máa bọ̀ níbí, ká jọ máa kà á."

Ìtìjú bo Sìlífátù.

Ìyá Àgbà lajú. "Láti Ẹ̀pẹ́ ni mo ti gbé ọmọ igi yẹn wá nígbà tí mò ń bọ̀ nílé ọkọ," ló rọra wí. "Torí oòrùn ọ̀sán ni mo ṣe gbìn ín síbẹ̀. Mi ò mọ ohun tó pa á."

Sìlífátù kúnlẹ̀. "Ìyá Àgbà, èmi ni. Omi iyọ̀ ni mo ń dà sí i. Mò ń ṣe ìlara Ìbídùnní. Ẹ dárí jì mí."

Ọwọ́ Ìbídùnní dúró lórí aṣọ tútù náà. Ó wo Sìlífátù, lẹ́yìn náà ló tún ń nu arúgbó náà lára lọ.

"Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣé o ti rí i báyìí?"

"Mo ti rí i, mà."

Nígbà tí òjò dé, Sìlífátù gbin máńgòrò mìíràn síwájú díẹ̀, níbi tí iyọ̀ kò dé. Yóò ti jáde ilé ìwé tipẹ́ kí igi náà tó ní ibòòji. Títí dìgbà náà, yàrá Ìbídùnní ni Ìyá Àgbà yóò máa gba atẹ́gùn sí lọ́sàn-án. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í ráyè rí èyí tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, àfìgbà tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́.