Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún Nínú Ọgọ́rùn-ún

Ẹ̀yin náà ti fura: kí dókítà yìí tó fẹ́ràn akọ̀wé, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ràn. Iṣẹ́ abẹ ìfun ló ń ṣe, ó sì ń rìn bí ẹni pé òun ló dá ìfun.

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú fáìlì ilé ìwòsàn ni akọ̀wé. Dókítà ló ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá rẹ̀. Ọmọ wá dúpẹ́. Dókítà jókòó ti ọpẹ́ náà títí ó fi di ìfẹ́.

Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ìjà dé.

“Ààyò mi, wo ìwé yìí! Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni mo ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́dún yìí. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni ara wọn ti yá! Ọ̀la ni màá kà á fún àwọn ẹgbẹ́ mi.”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Mo pè wọ́n lórí fóònù. Mo ní, ‘Ṣé ara ti le?’ Wọ́n ní, ‘A dúpẹ́, dókítà.’ Mo fàmì sí i.”

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. “A dúpẹ́! Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, tó o bá kí i, á ní a dúpẹ́! Mo pe mẹ́wàá nínú wọn, mẹ́rin ló sunkún sí mi létí. Ṣé o bi wọ́n bóyá wọ́n ń rí oúnjẹ jẹ? Bóyá wọ́n lè di ìgbẹ́ mú?”

“Èmi? Kí n máa bi àgbàlagbà léèrè ìgbẹ́?”

“Ìwọ tó o ki ọwọ́ bọ inú ìfun wọn!”

“Ò ń jowú iṣẹ́ mi ni.”

Akọ̀wé bọ́ òrùka, ó jù ú sórí ìwé náà. “Tún bi wọ́n dáadáa, àbí kó o wá ìyàwó mìíràn. N kò lè fẹ́ òpùrọ́.”

Òpùrọ́! Ọ̀rọ̀ náà ta á bí agbọ́n. Ó fa akọ̀wé lọ́wọ́, ó di ilé bàbá ọmọbìnrin náà, tó ń dá gbé ní àdúgbò kejì. Bàbá fẹ́ràn àna yìí ju ọmọ tó bí lọ. Dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi mú un ṣe ẹlẹ́rìí.

“Bàbá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín. Ṣé ara ti le?”

“A dúpẹ́, dókítà mi. Ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n o!”

Dókítà yíjú sí akọ̀wé, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Ṣùgbọ́n ọmọ ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. “Bàbá mi, ẹ má wojú ẹnikẹ́ni. Láti àárọ̀ òní, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti sáré lọ sílé ìyàgbẹ́?”

Bàbá wo àna rẹ̀, ó wolẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án,” ló wí. “Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tètè débẹ̀.”