Kọ̀ǹpútà Tí Kamen Fi Sílẹ̀

Inú ń bí Zornitsa lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ìsọ̀ Yavor, tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní ìlú Ruse lórílẹ̀-èdè Bọ̀géríà. Ó gbé páálí kékeré kan, ti mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà tó ránni lọ rà níbẹ̀, kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ ti tàn mí jẹ," ó ní. "Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbí, pé mẹ́mọ́rì yìí á sáré tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹgbẹ̀ta. Mo fi í sínú kọ̀ǹpútà mi, ẹgbẹ̀rún méjì àti díẹ̀ ló ń sáré."

Yavor kò bá a jà. Ó yí páálí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ìyára tó kéré ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ gbà, kó má baà ṣìṣe. Ẹ̀yin lẹ máa wọ inú ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó máa sáré bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

"Mo ti ṣe é. Ńṣe ló kú fin-ín. Kò tàn mọ́ àfìgbà tí mo dá a padà."

"Ṣé àwọn mẹ́mọ́rì ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀. Ọkọ mi ló fi wọ́n síbẹ̀. Ó ti kú."

"Màá wá wò ó nílé," ni Yavor sọ.

Àwòrán tó ń rìn, táwọn ọmọdé ń wò, ni Zornitsa ń fi kọ̀ǹpútà yà jẹun. Kamen ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà náà fún un kí àìsàn tó mú un lọ. Látìgbà náà, òun àti Bàbá Tsanko, bàbá Kamen, ló jọ ń gbé. Rédíò ọkọ̀ ojú omi ni bàbá yìí ń tún ṣe ní èbúté nígbà tó ṣì lágbára, Kamen nìkan ṣoṣo ló sì bí. Àwọn èèyàn ní kí Zornitsa padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Vidin. Ó bi wọ́n pé ta ni kóun fi bàbá sílẹ̀ fún. "Ìyàwó" ni bàbá máa ń pè é.

Nígbà tí Yavor dé, ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó yọ mẹ́mọ́rì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àtijọ́ méjì àti tuntun méjì, ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Tsanko káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró tì í, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀kan nínú ti àtijọ́ ti ń ṣàárẹ̀," Yavor ní. "Èkejì ṣì dáa, ṣùgbọ́n òun àti tuntun kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, wọn ò ní lè jọ sáré. Ẹ jẹ́ ká yọ méjèèjì. Ihò kejì àti ìkẹrin la máa fi tuntun sí."

Bí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìyára náà pé, kọ̀ǹpútà ò sì kú mọ́. Zornitsa rẹ́rìn-ín sókè. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín nílé yẹn. Bàbá Tsanko ṣa mẹ́mọ́rì àtijọ́ méjèèjì, ó fi aṣọ ìnujú wé wọn, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Yavor tún wá, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń sáré. Èso ṣẹ́rì ló mú bọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò rí kọ̀ǹpútà fi ṣe àwáwí mọ́, ó ní kó jẹ́ káwọn rìn lọ sétí odò Dánúbì. Ìrìn yẹn di àṣà. Níbẹ̀ ni Yavor ti sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí Zornitsa sì fi orí lé e léjìká.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà, Bàbá Tsanko gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọkùnrin yẹn ti yọ ti Kamen kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Kí ló kù nílé yìí tó tún fẹ́ yọ?"

Lọ́jọ́ kejì Zornitsa ní kí Yavor má wá mọ́.

"Ṣé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀, olólùfẹ́ mi, àbí bàbá?"

"Èmi ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti kú. Tí mo bá tún lọ, tó bá pe èèyàn nínú ilé yẹn, ta ló máa dá a lóhùn?"

Yavor yí padà. Ó lọ.

Iṣẹ́ ń yára lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ Zornitsa á kàn jókòó tì í, ojú rẹ̀ á wà lójú fèrèsé. Á se oúnjẹ, kò ní jẹ ẹ́. Bàbá Tsanko ń wò ó.

Ó ṣe, ìyára mẹ́mọ́rì já wálẹ̀. Zornitsa gbé e sókè nínú ètò. Bó bá ti pa kọ̀ǹpútà tó fa wáyà rẹ̀ yọ, á tún já wálẹ̀. Aago inú rẹ̀ pàápàá ń ṣìnà.

"Màá wá ẹlòmíràn tó máa tún un ṣe," ó ní.

"Ẹlòmíràn kẹ̀? Pe ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé..."

"Mo ní kó o pè é, ìyàwó."

Yavor dé, kò gbójú sókè wo Zornitsa. Ó tú kọ̀ǹpútà, ó wo inú rẹ̀, ó sì dìde.

"Kò bàjẹ́," ó ní. "Bátìrì kékeré tó ń jẹ́ kó rántí ètò ni kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ló yọ ọ́."

Àwọn méjèèjì kọjú sí bàbá. Bàbá Tsanko ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú nǹkan pẹlẹbẹ kan jáde, ó rí roboto bíi bọ́tìnì ẹ̀wù.

"Mo ń wò ẹ́ lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ wá," ó sọ fún Yavor. "Mo ti tún rédíò ṣe rí. Mo mọ iṣẹ́ tí bátìrì ń ṣe."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yọ ọ́, bàbá?" Zornitsa béèrè.

"Mo ti sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ bí mo ṣe máa kó padà, mo sì wá ohun tó máa mú ẹ pè é wá. Mo rò pé tó o bá lọ, Kamen á kú lẹ́ẹ̀kejì ni. Ìgbà tí mo wá rí i pé o ò rẹ́rìn-ín mọ́, mo mọ̀ pé èmi ni mò ń sin ẹni tó wà láàyè." Ó yíjú sí Yavor. "O máa ń jẹ ẹ̀wà?"

"Mo máa ń jẹ ẹ́, bàbá."

"Fi bátìrì yẹn síbẹ̀, kó o wá jẹun."

Ìgbà ìkórè àjàrà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, nílé ìjọba ìlú. Ìyá Zornitsa wá láti Vidin. Bàbá tó bí Zornitsa ti kú tipẹ́. Obìnrin tó ń tò wọ́n sórí àga wo Bàbá Tsanko tó dá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá? Ìhà ta lẹ wà?"

Àwọn tó mọ̀ ọ́n wolẹ̀. Bàbá tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe.

"Èmi ni bàbá ìyàwó," ó ní, ó sì lọ jókòó sí iwájú.

Zornitsa gbọ́ ọ. Ó di ọwọ́ Yavor mú ṣinṣin, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.