Ìrẹsì Ológbò Nílùú Solo

Ọjọ́ tí Ratri kọ́kọ́ rí Damar, inú ń bí i gidigidi. Òyìnbó obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ju ṣíbí sílẹ̀, ó sì sá jáde ní ìsọ̀ oúnjẹ Bàbá Wiryo, bàbá Ratri, nítorí ìwé oúnjẹ tí fóònù bá wọn túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìrẹsì ológbò ni wọ́n ń tà.

Bẹ́ẹ̀, ìrẹsì bíńtín pẹ̀lú ẹja àti ata ni, tí wọ́n wé sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kíkéré tó kéré bí èyí tí à ń bù fún ológbò ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Ratri bi í.

"Má bínú, àbúrò. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Jẹ́ kí n bá yín tún un túmọ̀. Àmọ́ mi ò lè túmọ̀ oúnjẹ tí mi ò tíì tọ́ wò o."

Oúnjẹ mẹ́fà péré ló wà lórí ìwé náà. Oṣù kan gbáko ni Damar fi ń túmọ̀ wọn. Ìrẹsì díndín nìkan gba ọjọ́ mẹ́rin.

"Tíṣà," ni Bàbá Wiryo wí, "ṣé ìwé oúnjẹ lẹ̀ ń túmọ̀ ni, àbí ọmọ mi?"

Ratri sá pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò, ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ọ̀kan nínú oúnjẹ náà, nasi liwet, ló dájà sílẹ̀. Damar kọ ọ́ pé ìrẹsì tí a fi wàrà àgbọn sè.

"Ó parí náà nìyẹn?" Ratri fara ya. "Ìyá mi tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sè é kó tó kú ńkọ́?"

Damar pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un: "Ìrẹsì tí ìyá kan kọ́ ọmọ rẹ̀. Wàrà àgbọn ló fi sè é, sùúrù ló fi dáná sí i."

Omi lé ròrò sójú Ratri. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí.

Àmọ́ Màmá Hartini, ìyá Damar, ti wá òṣìṣẹ́ báńkì kan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé Ratri ni Damar fẹ́, ó figbe ta: "Olóúnjẹ etí títì!" Lọ́jọ́ kejì, ó kó ara rẹ̀ wá sí ìsọ̀ náà, ó fajú ro.

Ìyá náà fa ìwé oúnjẹ mọ́ra. Òun fúnra rẹ̀ ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó dé ibi nasi liwet, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló kọ èyí?"

"Damar ni, Màmá."

"Ó ṣi gírámà kọ." Ó yọ bírò, ó tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. "Ọmọ yìí ò kọ irú èyí sí mi rí láyé ẹ̀. Bù ú wá."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n fi kún un.

Ratri kúnlẹ̀. "Màmá, mi ò fẹ́ gba ọmọ yín lọ́wọ́ yín. Àmọ́ mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò lè purọ́."

"Ta ló ní kí o purọ́? Dìde, ọmọ mi. Bàbá rẹ dà?"

Nígbà tí Damar dé láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Wiryo, tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká ewé mọ́ ìrẹsì. Ẹnu yà á.

"Ayọ̀ mi, kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?" ó bi Ratri.

"A ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó," Ratri dá a lóhùn, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ìwọ nìkan la ń retí."