Ìdí Ìbọn fún Èjìká Òsì

Òtútù ọjọ́ náà le débi pé kọfí tí mo rà lẹ́nu ọ̀nà ti tutù kí n tó bọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Ẹ̀rọ amúlégbóná inú gbọ̀ngàn àwọn panápaná ti bàjẹ́ láti àárọ̀, gbogbo àwa tí a wá sí ọjà ìbọn ọdọọdún sì ń ta ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò wọ bàtà rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló jókòó jẹ́ẹ́ ní igun. Ṣẹ́ẹ̀tì lásán ló wọ̀, ó ká apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ara rẹ̀ kò sì gbọ̀n rárá. Mo rò pé ọtí ló wà lójú rẹ̀. Èmi kì í rí ti ọ̀mùtí rò, nítorí náà mo kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìdúró.

Lorna Niskala ni orúkọ mi. Ilé ìdáná ilé ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ mí ní etí adágún wa ní apá òkè ìpínlẹ̀ Michigan tí yóò sọ pé mo máa ń rí ohun tí kò sí. Ọ̀rọ̀ bàbá mi, Urho, ló gbé mi dé ọjà yẹn. Ní oṣù kẹta ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, tí ọwọ́ ọ̀tún wọn sì kú. Láti ọjọ́ náà wọn kò sọ gbólóhùn kan. Dókítà ní ahọ́n wọn kò ní àrùn kankan, àwọn fúnra wọn ni kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ dànù, wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀ pẹ̀lú, títí kan páì ẹran tí wọ́n lè torí rẹ̀ jà tẹ́lẹ̀. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí bàbá mi kò bá fẹ́ wà láàyè fúnra wọn, òun kò ní oògùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mi ò ní ẹlòmíràn lẹ́yìn wọn.

Láti ọmọ ọdún méjìlá ni bàbá mi kò ti pa ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá jẹ rí, ọjọ́ tí ìgbà ọdẹ àgbọ̀nrín máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá lè mú kí ìbọn wọn gbà láti jókòó sí èjìká òsì, bóyá wọn yóò fẹ́ rí ọjọ́ náà. Mo gbé ìbọn náà lọ bá Dale Pelkonen, tó ń tún ìbọn ṣe nínú gáréèjì rẹ̀ lẹ́yìn ilé epo.

"Bọ̀ọ̀dá Dale, ìdí ìbọn tó máa jókòó sí èjìká òsì ni mò ń wá, èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ o."

"Nígbà wo lo wá èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ rí?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Gbọ́ mi. Ìdí ìbọn oníke ni owó rẹ̀ kéré jù. Òjò kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó gùn ju apá Urho lọ báyìí, inú rẹ̀ sì ṣófo. Tí mo bá fi ayùn gé e, kòròfo ni màá gbé lé e léjìká."

"Èyí tí wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ lẹ̀ pọ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn lágbára. Ó tún wúwo bíi gbólóhùn ìyá ìyàwó mi. Ọwọ́ kan ni Urho ní, Lorna."

"Èyí tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì ńkọ́?"

Ó mi orí. Ó gbé ìbọn bàbá mi, ó fi irin tí a ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé hàn mí. "Ọ̀tún ni irin yìí wà. Ti àwọn ọlọ́wọ́ òsì, òsì ni wọ́n gbẹ́ ojú irin sí, kò lè gba èyí. Ohun tí ò ń wá ni igi tí ojú irin rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, tí gegele tí a ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé náà tún wà lọ́tùn-ún. Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó ń gbẹ́ irú ẹ̀."

Ohun tó sọ ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo fẹ́ kọjá lọ́dọ̀ ọkùnrin aláṣọ fẹ́lẹ́ inú ọjà yẹn lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ọmọ Urho," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "o ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì."

Mo yíjú. Irun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni, ọmọ mi."

Inú bí mi. "Èmi? Èmi tí mo lè bí ẹ?"

"Rárá," ó ní pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀, bí àgbàlagbà tí kò fẹ́ bá ọmọdé fa ọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún un, ni ojú mi bá bọ́ sórí tábìlì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìdí ìbọn onígi, àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, ó ń dán. Ojú irin rẹ̀ wà lọ́tùn-ún. Gegele ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ náà wà lọ́tùn-ún. Ọkùnrin méjì tó ń kọjá lọ wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, èyí àkọ́kọ́ sì ní ẹni tó gbẹ́ nǹkan yìí ti yó bìnàkò kó tó mú ọ̀bẹ. Mo sún mọ́ tábìlì náà.

"Eélòó ni?"

"Ogún dọ́là. Wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, kò sí ẹni tó máa fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo fa okùn ìwọ̀n yọ nínú àpò mi. Ó ti igi náà sọ́dọ̀ mi. "Má ṣe wàhálà. Mo ti wọ̀n ọ́n mọ́ Urho lára."

Ọwọ́ rẹ̀ kan tèmi. Ó gbóná bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Mo sanwó, mo sì yára gbé e lọ sínú mọ́tò kó má baà yí èrò rẹ̀ padà. Ìgbà tí mo ti wakọ̀ dé ìdajì ọ̀nà ni mo tó bi ara mi léèrè bó ṣe mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Nígbà tí mo gbé e dé gáréèjì, Dale rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú ìbọn bàbá mi, ó gbé irin rẹ̀ lé igi tuntun náà. Irin náà wọlé wẹ́rẹ́, kò sí pé à ń fi ayùn ha á, kò sí pé à ń kàn án. Ẹ̀rín Dale dúró.

"Ogójì ọdún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí," ó ní. "Igi ọjà kì í gba irin báyìí."

Ó tún yọ irin náà. Àwọn tó ń gbẹ́ ìdí ìbọn máa ń kọ orúkọ sínú ojú ihò gbọọrọ tí irin máa bò mọ́lẹ̀, níbi tí oníbàárà kò ní rí i. Dale gbé iná sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tó yá ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé igi náà fún mi. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ti ṣá bí ohun tó ti pẹ́ gan-an. *Urho, ọwọ́ òsì tó. Má bínú sí èkejì mọ́. Arvo.*

"Ta ni Arvo?" Dale béèrè, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Ìyá mi ti sọ fún mi rí pé bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan, Arvo, tí adágún gbé lọ kí wọ́n tó bí mi, àti pé n kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ nílé.

Bàbá mi jókòó sójú fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n kọjú sí omi. Mo gbé igi náà lé itan wọn. Wọn kò wò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ àtàǹpàkò òsì wọn kan gegele náà, ó gùn ún, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n dojú igi náà bolẹ̀, wọ́n tún yí ojú rẹ̀ sókè, wọ́n sì rí ohun tí a kọ sínú rẹ̀.

"Ta... ló fún ẹ?"

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dúró de ohùn yẹn. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀, irun pupa rẹ́súrẹ́sú náà, ẹ̀rín náà, àti bó ṣe pè mí ní ọmọ rẹ̀. Omijé ń dà lójú bàbá mi, ó ń dà lójú èmi náà.

"Inú òtútù ni èmi àti Arvo lọ pẹja lórí adágún tó ti dì," wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ náà ń wúwo lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. "Omi dídì já lábẹ́ rẹ̀. Mo dojú bolẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ni. Mo dì í mú títí, Lorna. Ó ń wò mí. Ìka mi ló tú, kì í ṣe èmi. Nígbà tí ọwọ́ náà kú lóṣù kẹta, mo ní ó tọ́ sí i. Mo ní kí ìyókù mi náà máa tẹ̀ lé e lọ."

Mo di ẹsẹ̀ wọn mú.

"Ṣé òtútù ń mú un?" wọ́n béèrè.

"Rárá, Bàbá. Àwa là ń gbọ̀n. Ara tiẹ̀ yá gágá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi yí sẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Páì yẹn, ṣé o ti kó o fún ajá ni?"

Wọ́n jẹ odindi kan, wọ́n tún béèrè fún kọfí.

Dale wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti dè é pọ̀. Ó ní kí bàbá mi dijú, kí wọ́n gbé ìbọn náà sí èjìká òsì, kí wọ́n wá lajú, nítorí pé ẹni tó bá ní láti wá ojú awò orí ìbọn kiri lẹ́yìn tó ti lajú, igi náà kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá mi lajú. Wọn kò mi orí wọn díẹ̀ báyìí. "Mo rí ilẹ̀kùn gáréèjì Dale láti ibí," wọ́n ní, "ó yẹ kó kùn ún."

Ní ìdájí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo fi kẹ̀kẹ́ arọ tì wọ́n wọ inú ahéré kékeré tí a máa ń lúgọ sí. Yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ àyàfi tèmi àti ipa kẹ̀kẹ́. Mo gbé ẹnu ìbọn lé pákó ojú fèrèsé, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ọwọ́ ọ̀tún wọn lórí itan wọn kó má baà dì, mo sì jókòó sápá òsì wọn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ojú wọn wà lápá ọ̀tún. Mi ò wo apá ibẹ̀. Kì í ṣe pé mo gboyà, ẹ̀rù ló bà mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, àgbọ̀nrín kan tó ní ìwo ńlá jáde láàárín àwọn igi. Bàbá mi mí sínú, wọ́n dúró, wọ́n yìn ín. Ẹranko náà gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó sì wó lulẹ̀.

Mo yíjú láti kí wọn, ni mo rí i pé bùláńkẹ́ẹ̀tì ti bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wọn, tí kò ti gbéra láti oṣù kẹta, ti di iwájú igi ìbọn mú, gbogbo ìka rẹ̀ pa dé. Mo fọwọ́ kan òsì wọn, ó tutù bí irin. Mo fọwọ́ kan ọ̀tún, ó gbóná, ó sì lọ́rinrin bí ọwọ́ tí ẹlòmíràn ti dì mú fún ìgbà pípẹ́. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, pé ara lè ṣàdédé rántí iṣẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí ẹ̀yìn ọwọ́ náà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, níbi tí ojú ìka mẹ́rin ti pọ́n, tó sì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń wò ó.

Bàbá mi kò wo àgbọ̀nrín. Ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò, ojú wọn sì mọ́lẹ̀ lọ́nà tí mi ò rí rí láyé mi.

"Èmi kọ́ ni mo gbé e, Lorna," wọ́n ní. "Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló dì mí mú."