Ẹnu Páìpù Kẹta

Aṣọ ni wọ́n fi dí ẹnu páìpù kẹta, síbẹ̀ páìpù kẹta ló pè.

Elétí gbójú sókè. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n kùrukùru bo òkun débi pé èèyàn kò lè rí imú ọkọ̀ ogun náà láti ìdí rẹ̀. Páìpù mẹ́ta ló wà lára ògiri níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbọ́ ohùn tó bá gba inú wọn wá, kó sì sọ ọ́ fún ọ̀gá ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Elétí. Àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ẹ́ńjìnnì, èkejì láti ìdí ìbọn. Ẹ̀kẹta wá láti yàrá ọta ìbọn nísàlẹ̀, yàrá tí omi ti kún láti àná.

Àná ni ọ̀tá lu ọkọ̀ níhò. Ọ̀gá ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá náà kí gbogbo wọn má baà rì. Elétí ló sún mọ́ ọn jù. Ó yí irin róbótó ara ilẹ̀kùn títí kò fi lè yí mọ́. Atukọ̀ mẹ́rin ló wà nínú, Aláwàdà ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà lára wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fọṣẹ fọwọ́ kí gírísì irin náà tó lọ.

"Elétí ehoro," ni ohùn náà wí, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tómi wà lẹ́nu rẹ̀. "Àbí o ti sùn ni?"

Aláwàdà nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un láti kékeré: "Bó ò bá rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ ẹ o. Ẹni tó bá dá ẹni tí kò rí lóhùn, ó ti yá a ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì." Ṣùgbọ́n òfin ọkọ̀ ni pé páìpù kì í pè kéèyàn dákẹ́.

Elétí dákẹ́.

"Ó dáa, máa ṣe ṣàkó. Ṣáà sọ fún bàbá yẹn kó yà sósì. Kíá!"

"Ọ̀gá, wọ́n ní kẹ́ ẹ yà sósì!" ni Elétí pariwo.

Ọkọ̀ yà. Bọ́ǹbù ńlá kan tí ọ̀tá dè sínú omi kọjá lápá ọ̀tún, ó sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rí ìpẹtà ara rẹ̀.

"O káre, ọmọ yìí!" Ọ̀gá ń làágùn. "Ta ló rí i?"

Elétí kọjú sí páìpù kẹta. Omi ti ń kán lára aṣọ tó dí páìpù.

"A ti ṣe tiyín," ni ohùn náà wí. "Ó ku tiwa. Ta ló ti ilẹ̀kùn?"

Ẹni tó gba odindi ọkọ̀ là, ṣé ó yẹ kéèyàn dákẹ́ fún un? Elétí gbẹ́nu sún mọ́ aṣọ tútù náà.

"Èmi ni. Aláwàdà, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́ gan-an. "O ṣeun tó o dáhùn."

Lẹ́yìn náà ni páìpù àkọ́kọ́ han gooro: "Elétí! Sọ fún ọ̀gá! Irin ilẹ̀kùn yàrá ọta ń yí! Kò sẹ́nì kankan nídìí ẹ̀, ó ń yí!"

Elétí kò kúrò lórí àga rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Gírísì dúdú kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó tutù rinrin, àwọn ìka rẹ̀ sì ti ká kò, bí ẹni tó di nǹkan róbótó mú.